Kí Ni Lẹ́tà Méjì Inú Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ń Sọ? Ìmọ̀ Purotéènì àti Ìdílé Wa ní Ìlobù

Ní ìlú Ìlobù, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìwé pélébé kan wà tí kì í jẹ́ kí àwọn àfẹ́sọ́nà sùn. Ìwé náà kò gùn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́tà méjì péré ni àwọn ẹbí ń wá nínú rẹ̀: AA, AS, AC, SS tàbí SC. Kí ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó tó mú ọjọ́ ìdána, kí pásítọ̀ tàbí ààfáà tó gbà láti so tọkọtaya pọ̀, wọn a ní kí a mú ìwé jẹ́nótáìpù wá. Ìfẹ́ tí ó ti wà fún ọdún púpọ̀ lè forí ṣánpọ́n lórí lẹ́tà méjì yìí. Bí a kò bá sì kà wọ́n sí, ọmọ tí a fi ayọ̀ bí lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ̀rora.

Àwọn tí ó ń gba ìwé yìí pọ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ohun tí ó dúró fún kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa. A fẹ́ sọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nínú ẹ̀jẹ̀, bí wọ́n ṣe rí i, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àti iṣẹ́ ribiribi tí àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ṣe lórí rẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò sọ ohun tí ó yẹ kí olúkúlùkù ṣe.

Òṣìṣẹ́ inú ara

Bí a bá dárúkọ purotéènì, ọkàn ọ̀pọ̀ wa a máa lọ sí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran. Òótọ́ ni pé inú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí ni a ti ń rí èròjà amáradàgbà. Síbẹ̀, purotéènì ju oúnjẹ lọ. Purotéènì ni òṣìṣẹ́ inú ara ènìyàn. Òun ni ó ń mú iṣan ṣiṣẹ́, òun ni ó ń pín oúnjẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú ikùn, òun ni ó ń bá kòkòrò àrùn jà, òun náà ni ó sì ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara.

A lè fi purotéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sínú okùn. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ ogún ni ara fi ń sín in, àwọn onímọ̀ sì ń pe ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ámínò-ásíìdì. Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá ṣe tẹ̀ lé ara wọn ni okùn náà yóò ṣe ká, bí ó bá sì ṣe ká ni yóò ṣe lè ṣiṣẹ́. Ta ni ó ń pàṣẹ bí a óò ṣe sín in? Jíìnì ni, èyí tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Jíìnì ni àkọsílẹ̀. Purotéènì ni iṣẹ́ tí a ṣe láti inú àkọsílẹ̀ náà. Nǹkan bí 20,000 ni jíìnì tí ó ní àkọsílẹ̀ purotéènì nínú ara ènìyàn. Ní ọdún 1994, Marc Wilkins, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, fún àpapọ̀ gbogbo purotéènì inú ẹ̀dá kan ní orúkọ tuntun, ó pè é ní proteome. Láti inú orúkọ yìí ni ẹ̀ka ìmọ̀ tí a ń pè ní proteomics ti jáde, ìyẹn ìmọ̀ tí ó ń ka purotéènì lápapọ̀ láti mọ èyí tí ó wà, èyí tí kò sí, àti èyí tí ó yí padà.

Purotéènì tí ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí ni hẹmoglóbìn. Òun ni ó mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa, òun ni ó sì ń ru ọ́síjìn. Okùn mẹ́rin ni ó para pọ̀ di hẹmoglóbìn kan: méjì tí a ń pè ní alpha, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kẹ̀ 141, àti méjì tí a ń pè ní beta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlẹ̀kẹ̀ 146.

Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà

Ní ọdún 1910, James Herrick, oníṣègùn kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada láti kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú eyín. Nígbà tí wọ́n fi awò amúǹkantóbi wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa kan kò rí roboto bí ó ti yẹ. Wọ́n tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé. Ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ tí wọ́n sọ àrùn náà.

Ní tiwa, àrùn náà ti wà láàárín wa tipẹ́ kí ìwé Herrick tó jáde. Àwọn baba wa pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹni tí ó ń ṣe lè dà bí ẹni tí yóò kú lónìí, kí ó sì dìde lọ́la. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a pè ní àbíkú, tí a sọ ní Málọmọ́, Dúrójaiyé tàbí Bánjókòó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àrùn yìí ni ó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn òbí wọn kò ní ẹ̀rọ tí wọn ì bá fi wo inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé inú hẹmoglóbìn gan-an ni àléébù náà wà. Wọ́n fi iná mànàmáná fa hẹmoglóbìn ẹni tí ara rẹ̀ dá àti ti aláìsàn, wọ́n sì rí i pé ìrìn àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí a óò fi ẹ̀rí hàn pé àyípadà nínú purotéènì ẹyọ kan lè fa àìsàn odindi ara. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò wa ṣì ń lò títí di òní láti mọ jẹ́nótáìpù.

Ṣùgbọ́n kí ni ó yí padà gan-an? Vernon Ingram ní Cambridge ni ó dáhùn ìbéèrè náà ní ọdún 1956 àti 1957. Ó fi ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní trypsin gé hẹmoglóbìn sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ àwọn ègé náà sórí ìwé, ó sì fi ti aláìsàn wé ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Gbogbo ègé bá ara mu àyàfi ẹyọ kan. Nígbà tí ó tú ègé náà wò, ó rí i pé lórí okùn beta, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà, tí ó yẹ kí ó jẹ́ glutamic acid, ti di valine. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú 146.

Ẹyọ kan yìí tó láti ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí hẹmoglóbìn S bá ti gbé ọ́síjìn rẹ̀ sílẹ̀, ẹyọ kan a lẹ̀ mọ́ èkejì, òmíràn a tún lẹ̀ mọ́ ìyẹn, títí wọn yóò fi di okùn gbọọrọ tí yóò fa sẹ́ẹ̀lì náà tẹ̀ bíi dòjé. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ kò lè gba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ó dí ọ̀nà, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro aláìsàn gidigidi. Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́, ti ẹni tí ó ní SS kì í sábà ju ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó nínú ara wọn.

Òṣùwọ̀n tí ó ń wọn ohun tí ojú kò lè rí

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń nájà mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í ṣe ojúsàájú. Àpò ẹ̀wà méjì lè jọra lójú, kí òṣùwọ̀n sì fi hàn pé ọ̀kan fúyẹ́ ju èkejì lọ. Irú ẹ̀rí báyìí ni àwọn onímọ̀ purotéènì ń wá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ wọ̀n kéré ju ohun tí ojú tàbí awò lè rí lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é ni mass spectrometer.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti yé ni. Wọn a kọ́kọ́ fún èròjà náà ní agbára iná mànàmáná, lẹ́yìn náà wọn a jẹ́ kí ó fò nínú ihò kan tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Bí a bá fi agbára kan náà ta ọmọ ayò àti òkúta ńlá, ọmọ ayò ni yóò yá jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni èròjà tí ó fúyẹ́ ṣe ń ṣíwájú èyí tí ó wúwo dé ìdí ẹ̀rọ. Nínú irú ẹ̀rọ mìíràn, mágnẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà wọn, èyí tí ó fúyẹ́ ni yóò sì tẹ̀ jù. Láti inú àkókò tí wọ́n lò tàbí ibi tí wọ́n balẹ̀ sí ni a óò ti ṣírò ìwúwo wọn. Francis Aston ní Cambridge kọ́ irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1919, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní ọdún 1922.

Ìṣòro kan wà síbẹ̀. Èròjà kékeré ni àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ lè wọ̀n. Purotéènì tóbi, ó sì gbẹgẹ́. Bí wọ́n bá fi ooru lé e fò, ńṣe ni yóò fọ́. Ó tó nǹkan bí àádọ́rin ọdún lẹ́yìn Aston kí a tó borí ìṣòro náà. Ní Amẹ́ríkà, John Fenn, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, fi iná mànàmáná fọ́n omi purotéènì jáde bí ìkùukùu. Bí omi náà ti ń gbẹ ni purotéènì ń fò láìfọ́. Ní Japan, Koichi Tanaka, òṣìṣẹ́ ọ̀dọ́ ní ilé-iṣẹ́ Shimadzu, tí kò gba oyè ọ̀mọ̀wé rí, rí ọ̀nà mìíràn nípasẹ̀ àṣìṣe. Ó fẹ́ fi èròjà kan po lẹ́búlẹ́bú mẹ́táàlì, ó sì ṣèèṣì da gilisẹrín sí i. Dípò kí ó da àpòpọ̀ náà nù, ó ní ìfiṣòfò ni yóò jẹ́, ó sì dán an wò pẹ̀lú iná léésà. Èyí tí kò fẹ́ fi ṣòfò yìí ni ó jẹ́ kí èròjà ńlá fò láìfọ́. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísírì ní ọdún 2002.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí òṣùwọ̀n yìí rí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí a bá fi ìwúwo átọ́ọ̀mù háídrójìn kan ṣe ìwọ̀n, okùn beta ẹni tí ó jẹ́ AA wúwo tó nǹkan bí 15,867. Okùn beta S wúwo tó 15,837. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 30 péré, ẹ̀rọ náà sì ń rí i kedere.

Hẹmoglóbìn C ni ó yẹ kí àwa Yorùbá fiyè sí níhìn-ín, nítorí pé ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni orísun rẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ láàárín wa. Nínú C, ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà kan náà ni ó yí padà, ṣùgbọ́n lysine ni ó dì. Ìwúwo lysine àti glutamic acid fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Òṣùwọ̀n lè má rí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa lára odindi okùn. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe padà sí ọgbọ́n Ingram: wọ́n á fi trypsin gé okùn náà kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ibi tí trypsin bá ti bá lysine ni ó máa ń gé. Lára A àti S, ègé àkọ́kọ́ a ní ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́jọ. Lára C, nítorí pé lysine ti wà ní ipò kẹfà, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà ni ègé náà yóò ní. Ohun tí ó fara pamọ́ lára odindi okùn hàn gbangba lára ègé. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọ̀nà yìí yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò. Ẹ̀jẹ̀ kán-ún-kán-ún tí wọ́n gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ, tí wọ́n sì fi gbẹ sórí bébà, ti tó fún un.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Ìbàdàn

Kí a má ṣe rò pé òkèèrè nìkan ni a ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi ẹ̀rí hàn láti ìlà-oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í sábà pa ọmọ tí ó jẹ́ AS bí ó ti ń pa ọmọ tí ó jẹ́ AA. Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Lucio Luzzatto, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ láti ilẹ̀ Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìdáhùn kan jáde ní ọdún 1970: sẹ́ẹ̀lì AS tí kòkòrò ibà bá wọ̀ máa ń yára tẹ̀ bíi dòjé ju èyí tí kòkòrò kò wọ̀ lọ, ara a sì lè tètè mú un kúrò pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí S pọ̀ tó báyìí láàárín wa. Ibà ilẹ̀ wa ni ó fún un láyè. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ńlá.

Láti inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn kan náà ni iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Gladys Falusi ti tàn káyé. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni. Kẹ́mísírì ni ó kọ́kọ́ kà kí ó tó yà sí ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìmọ̀ kẹ́mísírì náà ni ó sì fi wo inú ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí pẹ̀lú ti ń béèrè tipẹ́: èé ṣe tí ọmọ méjì fi lè jẹ́ SS, kí ọ̀kan máa wọ ilé ìwòsàn lójoojúmọ́, kí èkejì sì máa lọ sí ilé-ìwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀? Ní ọdún 1987, Falusi àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Esan ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ní Oxford, tẹ ìwádìí jáde lórí okùn kejì, ìyẹn alpha. Wọ́n fi hàn bí àdínkù jíìnì alpha ṣe rí láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà, àti bí ó ṣe ń bá àrùn SS pàdé nínú ara ẹnì kan náà. Nínú ẹni tí jíìnì alpha rẹ̀ dín, sẹ́ẹ̀lì pupa kì í sábà yára fọ́ tó ti ẹlòmíràn. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé lẹ́tà méjì nìkan kọ́ ni ó ń sọ ìtàn ẹ̀jẹ̀.

Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ L'Oréal àti UNESCO fún Falusi ní àmì-ẹ̀yẹ àwọn obìnrin nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ó darí ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn. Lẹ́yìn èyí, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń ran àwọn tí ó ní àrùn yìí àti ìdílé wọn lọ́wọ́. Ipa ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ yẹ kí àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé girama fọkàn sí: kẹ́mísírì tí wọ́n ń kà lórí pátákó lè di ìrànlọ́wọ́ fún aládùúgbò wọn.

Orín àta àti àwọn onímọ̀ Ifẹ̀

Nínú ìpínlẹ̀ tiwa, ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó ti di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ohun tí a fi ń rin ẹnu láàárọ̀ ni ó fa ìwádìí kan. Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yẹ orín wò láti mọ̀ bóyá ó ń pa kòkòrò. Nígbà tí wọ́n lo omi gbòǹgbò orín àta níbi tí ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà kò tètè bàjẹ́. Ní ọdún 1971, Ṣófowórà àti Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò náà lè dá sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ padà sí roboto nínú ìgò àyẹ̀wò.

A mọ̀ pé inú yóò dùn láti gbọ́ èyí, pàápàá ní Ìlobù, ìlú tí odò Erinlẹ̀ ń ṣàn lẹ́bàá rẹ̀, tí a sì ti mọ orúkọ Erinlẹ̀ mọ́ ìwòsàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní láti sọ òótọ́: ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò kò tíì di ìwòsàn nínú ara. Orín àta kò sọ SS di AA, kò sì sí àgbo tí ó lè ṣe é, nítorí pé jíìnì tí ó ń pàṣẹ ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà wà nínú ara sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun yóò yí jẹ́nótáìpù ọmọ yín padà pẹ̀lú ìgò kan, ẹ yẹra fún un.

Ìwòsàn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n, ó sì wọ́n. Wọ́n lè pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun bí a bá rí ẹbí tí tirẹ̀ bá ti aláìsàn mu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú méjì tí ó ń ṣe àtúnṣe láti inú jíìnì. Iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Fún ìdílé àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò láàárín wa, ìmọ̀ ṣáájú ìgbéyàwó ni ó rọrùn jù.

Ìṣirò tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀

Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, nǹkan bí ẹni mẹ́rìnlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ni ó ru jíìnì S, nǹkan bí 150,000 ọmọ ni a sì ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹni tí ó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn. Ó lè ṣiṣẹ́ oko, ó lè sáré ìje, ó sì lè má mọ̀ títí ayé bí kò bá ṣe àyẹ̀wò.

Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà sì jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ yóò jẹ́ AA, ìdá méjì nínú mẹ́rin pé yóò jẹ́ AS, àti ìdá kan nínú mẹ́rin pé yóò jẹ́ SS. Ẹ fiyè sí ọ̀rọ̀ náà: nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé bí ọmọ àkọ́kọ́ bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lákọ̀tun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé AS àti AC náà kò yẹ ara wọn. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni àǹfààní pé ọmọ wọn yóò jẹ́ SC, èyí tí òun pẹ̀lú jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde, bí ó tilẹ̀ sábà máa ń rọ̀ ju SS lọ. Àwọn kan gbọ́ pé S nìkan ni ó léwu, wọ́n sì gbójú fo C. Bákan náà, jíìnì ọ̀hún wá láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì. Kò tọ́ kí a di ẹ̀bi ru ìyá ọmọ nìkan, kí a máa pè é ní àjẹ́ tàbí olórí burúkú.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin ará Ìlobù

Àwọn ará Ìlobù, Ifọ̀n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ìgbà pípẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ààlà ìlú. Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kan gbogbo wa.

Èkíní, ẹ ṣe àyẹ̀wò ní kùtùkùtù, kí ìfẹ́ tó wọ eegun. Ọ̀dọ́ tí ó bá jáde ilé-ìwé girama ti tó mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀. A lè ṣe àyẹ̀wò náà ní Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN ní Òṣogbo, ní OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní àwọn ilé àyẹ̀wò mìíràn tí ìjọba fọwọ́ sí.

Èkejì, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó múlẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀kejì ní ilé àyẹ̀wò mìíràn. Àṣìṣe lè wáyé. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ sára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni àyẹ̀wò lè máa kà. Lórí ẹ̀rọ tí ó ń fi iná mànàmáná fa hẹmoglóbìn, hẹmoglóbìn kan wà tí ìrìn rẹ̀ jọ ti S, òmíràn sì wà tí ó jọ ti C. Bí èsì méjì bá tako ara wọn, ẹ béèrè fún àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá ti jẹ́ tọkọtaya AS méjì, ẹ má ṣe sọ̀rètí nù, ẹ má sì fi pamọ́. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oyún tó dé, kí wọ́n lè ṣàlàyé ọ̀nà tí ó wà. Bí ọmọ bá dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá. Hẹmoglóbìn ìgbà oyún, tí a ń pè ní F, a máa dáàbò bo ọmọ fún oṣù bíi mẹ́fà àkọ́kọ́. Nítorí náà ara ọmọ SS lè le koko lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ bá ṣàdédé wú, tí ó sì ń ké bí a bá kàn án, ẹ má ṣe rò pé eyín ni ó ń hù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹrin, ọmọ SS tí a tètè mọ̀, tí a sì ń tọ́jú, lè dàgbà, kí ó kàwé, kí ó sì ṣe bí ọmọ aráyé ti ń ṣe. Omi mímu tí ó pọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, oògùn tí ń dènà ibà àti folic acid, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó pé, àti oògùn tí dókítà bá kọ, bíi penicillin tàbí hydroxyurea, ni ìtọ́jú rẹ̀. Ibà gbígbóná lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi àgbo dúró dè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e jáde.

Ní Ẹdẹ, tí kò jìnnà sí Ìlobù, ilé ìwádìí jíìnì tí ó wà ní Redeemer's University wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ kòkòrò àrùn Kòrónà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ìmọ̀ yìí ti wà ní ẹnu ọ̀nà wa, àwọn ọmọ wa sì lè kọ́ ọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà ọdọọdún ni àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àrùn yìí. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ náà kí ẹ tó mọ lẹ́tà méjì tiyín. Àwọn baba wa tí ó sọ ọmọ ní Málọmọ́, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ ọmọ pé kí ó dúró. Àwa ti mọ ohun tí ó ń mú un lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ náà dá a dúró.